Ayọ̀ Tí Sẹ̀gilọlá Kò Sá Sóòrùn

Nígbà tí gbogbo Èkìtì ń jó pé ìjọba ti fún wọn ní ìpínlẹ̀ tiwọn, Sẹ̀gilọlá ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní Ìgbẹmọ, ó sì fọwọ́ di etí. Kì í ṣe pé ó kórìíra ìpínlẹ̀ tuntun. Ariwo ayọ̀ ló ń já a láyà. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ń pariwo pé òun láyọ̀ ń júwe ilé fún olè ni.

Ìrẹsì ló ń bọ̀ tà. Adérẹ̀mí ọkọ rẹ̀ jẹ́ tíṣà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sẹ̀gilọlá ti lóyún fún un. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́rìí, tí ìjọ kọrin, tí wọ́n jó yí i ká. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni oyún náà wálẹ̀ kí orin tó tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Látìgbà náà ló ti gbà pé ayọ̀ fúnra rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Sísọ ọ́ jáde ló ń pa èèyàn lẹ́kún.

Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, ọkọ rẹ̀ nìkan ló gbọ́. Búbù gbàgẹ̀rẹ̀ ló ń wọ̀ kiri. Kò dé ibi ìtọ́jú aláboyún rárá, torí níbẹ̀ wọn a máa ní kí àwọn aláboyún kọrin, kí wọ́n sì jó. Ta ni yóò jó níwájú ojú ayé?

“Sẹ̀gi,” ni Adérẹ̀mí wí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, “ayọ̀ tí èèyàn kò lè sọ fún ìyá tó bí i, ṣé ayọ̀ náà ni, àbí ẹrù olè?”

“Tíṣà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹrù olè. Ẹni tó fi í pamọ́ ṣì ní in lọ́wọ́.”

“Oṣù keje rèé. O ò tíì rẹ́rìn-ín.”

“Tí mo bá gbé e lọ́wọ́, màá rín gbogbo rẹ̀ pọ̀.”

Adérẹ̀mí tẹjú mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, tó ti wú débi pé bàtà kò gbà á mọ́. Sẹ̀gilọlá kò sọ fún un pé orí ń fọ́ òun. Bí ó bá sọ ọ́, ọsibítù ni. Bí ó bá dé ọsibítù, ayé á gbọ́. Ẹ̀rù àìsàn náà ń bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù orin ìdúpẹ́ ló pọ̀ jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí pápá tí àwọn obìnrin ti ń sá ìrẹsì bíbọ̀ sórí tapólì. Ìyá Olúgbénga, àgbà wọn, ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú Monínúọlá, ọ̀rẹ́ Sẹ̀gilọlá.

“Ìyàwó, kú uṣẹ́ ò! Búbù yìí mà ń tóbi sí i. Ṣé aṣọ náà ń jẹun ni?”

Monínúọlá fọwọ́ bo ẹ̀rín. Sẹ̀gilọlá gbọn búbù náà.

“Atẹ́gùn ni mo fi ń gbà, Ìyá.”

“Gbà á dáadáa. Kí ló dé tí ìrẹsì tìrẹ ṣì wà nínú àpò?”

“Ojú ọjọ́ ń ṣú. Èyí tí a bá sá síta lòjò ń rí.”

“Èyí tí a kò sá ńkọ́? Ṣé kì í bu ni?”

Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tú àpò náà. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn lójijì, nǹkan ń tàn yòyò nínú òkùnkùn náà, ó sì ṣubú sórí ìrẹsì. Ó gbọ́ igbe. Ó gbọ́ ohùn Ọlátúndé, awakọ̀ tó ń kó ẹrù wọn lọ sí Adó:

“Ibà ni! Ẹ gbé e wá, oníkẹ́mísì á gún un lábẹ́rẹ́ kíákíá.”

Abẹ́rẹ́ ibà! Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á gún un, oyún sì lè tibẹ̀ wálẹ̀. Bí ó bá lanu, gbogbo pápá á gbọ́. Àwọn obìnrin ń wo ẹnu rẹ̀.

“Mo lóyún,” ló wí. Ó wá dijú, ó ń retí kí ilẹ̀ là.

“Ṣé o rò pé ojú wa fọ́ ni?” ni Ìyá Olúgbénga wí. “A kì í béèrè oyún lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì sọ ọ́, ìyẹn la fi panu mọ́. Ọlátúndé, Adó tààrà! Má yà síbì kankan!”

Nínú mọ́tò, Monínúọlá gbé orí rẹ̀ lé itan.

“Ta lo rò pé ó ń pọn omi kún àgbá rẹ kó o tó jí? Ta ló ń bu ìrẹsì kúrò nínú àpò rẹ kó lè fúyẹ́ kó o tó gbé e? Ìwọ obìnrin alágbára!”

Sẹ̀gilọlá bú sẹ́kún. Òun tó rò pé òun nìkan ló ń dá ayọ̀ náà gbé láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níkùn. Ọmọ náà kò tíì mira látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ṣubú.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbé fèrè onígi tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé e níkùn, ó fi etí sí i. Ó sún un. Ó tún sún un. Ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

“Ó wà,” ni nọ́ọ̀sì wí níkẹyìn. “Ọkàn rẹ̀ ń lù.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sẹ̀gilọlá, ó ròkè débi pé àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yòókù yíjú wò ó.

“Màdáámù, ẹ má tíì yọ̀ jù o. Ẹ̀jẹ̀ yín ga gan-an. A ò tíì mọ ibi tí yóò já sí.”

“Mo mọ̀, nọ́ọ̀sì.” Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. “Ẹ jẹ́ kí n yọ ayọ̀ ti ìsinsìnyí ná.”