Ìbéèrè Tí Ọwọ́-Ò-Sinmi Kò Rí Kà

Ọdún méjìlélógún ni obìnrin kan ti ń tẹ ìwé fún aráyé. Ọwọ́-Ò-Sinmi ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, nítorí bí ẹ bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ ó ti gbọ́ pápàpá ìka rẹ̀ kí ẹ tó rí òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu oṣù mélòó kan, iṣẹ́ náà ti sú u. Kì í ṣe ọwọ́ ló ń dùn ún. Ojú ni. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ti di eèrà tó ń rìn gbéregbère. Kò sọ fún ẹnì kankan. Atẹ̀wé tí kò ríran dáadáa mọ́, ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún un?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ku ojú ewé mẹ́fà péré nínú ìtàn ìgbésí ayé tí bàbá arúgbó kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi ọwọ́ kọ. Bàbá Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dúró. Ojú ń ti Ọwọ́-Ò-Sinmi láti máa ti imú bọ kọ̀ǹpútà níṣojú oníbàárà. Ló bá wọ ibi ètò tó ń darí bí nǹkan ṣe ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó ní kí òun sọ lẹ́tà di ńlá díẹ̀. Nínú àwọn nọ́ńbà ìwọ̀n tó wà níbẹ̀, ó yan ọ̀kan tó rò pé ó máa ṣe é. Àpótí kékeré kan yọ, ó bi í ní nǹkan. Kò rí i kà. Ó kàn tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn biribiri.

"Ṣé iná lọ ni?" Bàbá Tíṣà béèrè.

"Rárá, sà. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Fáànù inú kọ̀ǹpútà ṣì ń kùn bí oyin. Ó fa wáyà yọ, ó tún un kì bọ ibẹ̀. Ó pa á, ó tún tàn án. Ohùn tó fi ń kí i láràárọ̀ dún kedere, àmọ́ ojú rẹ̀ ò là. Ojú ewé tó lé ní ọgọ́rùn-ún tó ti tẹ̀! Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ṣe é bíi kó gbé orí lé tábìlì kó sùn lọ.

Ó pe àbúrò rẹ̀, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìlú mìíràn, lórí fóònù, ó sọ nọ́ńbà tó yàn fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ yàn ló ju agbára ojú rẹ̀ lọ. Àmọ́ ó yẹ kó bi yín bóyá kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ ò bá dáhùn, á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Ó bi mí."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Àbúrò ní, "Ó dáa. Ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ títí á fi kú. Ẹ tàn án. Bó bá ti fẹ́ jí, ẹ tún pa á. Ẹ máa ṣe é títí ojú ewé aláwọ̀ búlúù kan á fi yọ."

Ó pa á, ó tàn án, ó tún pa á. Apá rẹ̀ wúwo bí òjé. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, búlúù yọ lóòótọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wínníwínní.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ọwọ́-Ò-Sinmi sún mọ́ ọn, ó tún sún sẹ́yìn. Kò rí ọ̀kan kà.

Bẹ́ǹṣì dún. Bàbá Tíṣà dìde, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jáde bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Àbúrò ń sọ èyí tí wọ́n máa yàn, bàbá ń fi ìka tọ́ka sí i, obìnrin náà ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kan nọ́ńbà tí wọ́n máa tẹ̀, bàbá ní, "Ẹẹ́rin ni, ọmọ mi. Òun nìyẹn."

Kọ̀ǹpútà jí. Agbára díẹ̀ ló fi jí, nítorí náà lẹ́tà rẹ̀ rí gbàgẹ̀dẹ̀ bíi ti ìwé jẹ́léósinmi. Ọwọ́-Ò-Sinmi rí gbogbo rẹ̀ kà. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Ó ti tó ìgbà wo?" bàbá béèrè pẹ̀lẹ́.

"Oṣù mẹ́jọ, sà."

"Ọdún méjì ni mo fi pa tèmi mọ́. Mò ń kọ́ wọn ní ìṣirò, mi ò rí ohun tí mò ń kọ sójú pátákó. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, mo ṣe bí àwàdà mi ló dùn ni!"

Ọwọ́-Ò-Sinmi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti rẹ̀. Lórí fóònù, àbúrò rẹ̀ ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sọ fún mi."

"Wàhálà tìẹ náà ti pọ̀ tó."

"Ojú yín náà, wàhálà tèmi ni."

Wọ́n dá ètò náà padà sí bó ṣe wà. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló sọnù. Bàbá Tíṣà ka èyí tó kù sí i létí, obìnrin náà di ojú, ó ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi parí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àbúrò wá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní awọ funfun kan ló ń bo ẹyin ojú ọ̀tún, pé àwọn máa ṣí i kúrò, pé òsì ò ju kó lo awò lọ. Wọ́n ṣe é, ó sì yọrí sí rere. Wọ́n ní kó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó fẹ́ jiyàn, àmọ́ kò lágbára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé, àbúrò gbé oúnjẹ wá, ó ní kó jẹun. Ẹ̀gbọ́n ní kó jẹ́ kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ ná. Kò jí títí oúnjẹ náà fi tutù, kò sì sẹ́ni tó jí i.