Wàláà Kan, Ìdánimọ̀ Méjì

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti fura sí ènìyàn, mo gbà pé onítọ̀hún ti jẹ̀bi nìyẹn. Ẹ̀rí ló kù kó wá bá wa.

Èmi àti akẹgbẹ́ mi kan tí mo fi ọdún díẹ̀ jù lọ la jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Táíwò Road. Ilé-ìwé kan ní àdúgbò Fate ló gbé iṣẹ́ fún wa: kí ètò wa ké gbàjarè bí ẹnikẹ́ni bá tọwọ́ bọ èsì ìdánwò lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i. Èdè C la fi kọ ọ́. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ìdánimọ̀ tirẹ̀, òǹkà àti lẹ́tà gbọọrọ tí kọ̀ǹpútà fà yọ láti inú ohun tó wà nínú fáìlì náà. Bí àmì kan péré bá yí padà, ìdánimọ̀ gbọ́dọ̀ yí.

Mo fọwọ́ ara mi sọ máàkì ogójì di àádọ́rin láti dán an wò. Mo ní kó tẹ ìdánimọ̀ àtijọ́ àti tuntun sórí ìlà kan náà. Ìbejì gan-an ni wọ́n!

Akẹgbẹ́ mi ló kọ apá tó ń fa ìdánimọ̀ yọ, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ń ṣe tíṣà nílé-ìwé náà. Àbí ó ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún un ni? Bó bá rẹ́rìn-ín, mo fura. Bó bá dákẹ́, ìyẹn tiẹ̀ burú jù. Bí mo bá ń lọ kírun Aláásárì, kọ̀ǹpútà mi ń bẹ lábíyá mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá wa. Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n fẹ̀rí hàn lójú àwọn méjèèjì. Mo tún ní kí ètò náà ṣiṣẹ́. Ìbejì tún yọjú.

Akẹgbẹ́ mi wo ìlà tí mo kọ, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ àáfà mà ni yín! Pátákó wàláà mélòó lẹ ní nílé kéwú?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan náà ni àṣẹ tẹ́ ẹ pè yìí ní. Ẹ ní kó kọ ìdánimọ̀ méjì: ó kọ ọ̀kan, ó fọ̀ ọ́, ó kọ ìkejì. Ẹ wá ka wàláà kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní olè jà. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wàláà tirẹ̀, ẹ wò ó."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdánimọ̀ méjì jáde, wọn ò fi ibì kankan jọra.

Ọ̀gá na kọ́kọ́rọ́ sí akẹgbẹ́ mi, kò gbà á. "Ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ kí ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Àwọn ni kí wọ́n dá a padà."

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́.

"Ó ti tán," ló wí. "Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ kírun lónìí, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ọlọ́hun ò béèrè rẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Mo kàn bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ni.