Ọmọ Tí Mo Yá Ẹni Tó Fẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́ Ńlá

Ní ọdún tí mo bí ọmọ mi ọkùnrin, àwọn kan gbé kẹ̀kẹ́ ńlá kan wá sí pápá kan ní Sùúrùlérè. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń fẹsẹ̀ wà o. Irin ni látòkè délẹ̀, ó sì ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Wọ́n so àga mọ́ ọn yíká. Bí ó bá ti ń yí, àwọn tó jókòó nísàlẹ̀ á máa gòkè, àwọn tó wà lókè á máa sọ̀ kalẹ̀. Láti orí àtẹ̀gùn ilé tí a ń gbé ní Ìpọ̀nrí, a máa ń rí ṣóńṣó rẹ̀ láàárín òrùlé méjì. Àga kan á yọ, á dúró díẹ̀, á tún rì.

Èmi gan-an máa ń dúró wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, mo ti ní ọmọ méjì, ibi tó sì ga jù tí mo tíì dé láyé mi ni àjà kejì ilé ìwé girama tí mo ti jáde. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, bi mí pé kí ni àwọn tó wà lókè yẹn ń rí. Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ, mo sì fẹ́ mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣèlérí fún un pé ní Sátidé, èmi àti òun la ó jọ gùn ún.

Sátidé yẹn, ara àbúrò rẹ̀ gbóná. Sátidé tó tẹ̀ lé e, àlejò dé bá bàbá wọn láti ilé, ìdí iná ni mo wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta pé ó di Sátidé tó ń bọ̀, kò sunkún. Ó kàn wò mí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Ìwò yẹn dùn mí ju ẹkún lọ. Ọmọ tó bá ń sunkún ṣì gbà pé ọ̀rọ̀ ìyá òun ní ìwọ̀n. Èyí ti ń gbé ọ̀rọ̀ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

A sì gbọ́ pé ní ọjọ́ Àìkú wọn yóò tú kẹ̀kẹ́ náà palẹ̀, wọn yóò gbé e lọ síbòmíràn. Bí a kò bá gùn ún ní Sátidé yẹn, ó parí nìyẹn. Mo pọn ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ oṣù méje, mo fa èyí àgbà lọ́wọ́, a fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ìlà. Àwa tí a ti tò nídìí omi ẹ̀rọ, tí a ti tò nítorí kẹrosíìnì, a mọ bí wọ́n ṣe ń tò. Bí o bá fẹ́ kúrò, wàá gbé korobá rẹ sílẹ̀ kó máa bá ọ tò, wàá sì sọ fún ẹni tó wà níwájú rẹ àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ pé o wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n níbí, ńṣe ni àwọn èèyàn fọ́n ká sábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ gúgúrú, wọ́n ń tú bàtà ọmọ wọn. Ọkùnrin kan wà nídìí tábìlì. Ó gba owó mi, ó fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì àti páálí kékeré kan tí wọ́n gé lára káàtìnnì mílíìkì, ó fi báírò pupa kọ nọ́ńbà sí i, ó ní kí n lọ jókòó títí wọ́n á fi pè mí. Mo bi í pé ta ni yóò máa bá mi tò. Ó ní páálí náà ni.

Mo yí páálí yẹn síwá, mo yí i sẹ́yìn. Mẹ́tàlélógóje ló wà lára rẹ̀. Ìlà tí kò sí lórí ilẹ̀, tó jẹ́ pé inú àtẹ́lẹwọ́ àwọn èèyàn ló wà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ó ń jò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì kan ti wá gba páálí ní kùtùkùtù, wọ́n tà á fún bàbá kan tó wọ táì, wọ́n sì tún padà lọ gba òmíràn. Mi ò rò pé wọ́n tilẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ náà rárá. Ọ̀nà kejì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ọkùnrin gíga kan ń ṣọ́. Àwọn tó bá san ìlọ́po méjì, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé láìdúró de ẹnikẹ́ni. Mo tún rí àwọn obìnrin kan tí wọ́n pọn ọmọ, tí wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo sọ fún ara mi pé ọkọ àwọn wọ̀nyí lówó o.

Nígbà tí oòrùn fi kúrò lágbedeméjì orí, àádọ́ta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè. Mo ṣírò rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn kò ní gbé ẹnikẹ́ni mọ́. Wọn ò ní pe mẹ́tàlélógóje lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi obìnrin kò mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń wo ojú mi.

Ọmọbìnrin kan jókòó tì wá lábẹ́ igi, bóyá ọmọ ogún ọdún. Ó ní òun ń kọ́ aṣọ rírán ní Yaba, ọ̀gá òun ló rán òun ní síìpù ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Ó fi síìpù náà hàn mí nínú ọ̀rá. Ó ní òun kàn ní kí òun yà wo kẹ̀kẹ́ yìí ni, láti aago méjìlá lòun sì ti ń yà á wò. A rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ọkùnrin fa yẹtí rẹ̀, ó jẹ́ kó fà á. Ó ti tó wákàtí kan tí a ti jọ wà níbẹ̀ kí ó tó wo ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ yẹn, tó wo ọmọ ẹ̀yìn mi, tó wá ní:

"Àǹtí, ẹ̀yìn á ti máa ro yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín pọ̀n ọ́n rìn díẹ̀. Ẹ sì gba páálí mi, kí n gba tiyín."

Ọgọ́rin ni tirẹ̀. Kí n má purọ́, ojú mi ti rí ọgọ́rin kí etí mi tó gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀. Mi ò bi í pé kí ló fẹ́ fi mẹ́tàlélógóje ṣe. Ta ni kì í bá èèyàn pọn ọmọ? Ní àdúgbò wa, ọmọ mi lè ti ẹ̀yìn mi bọ́ sí ẹ̀yìn mẹ́rin kí n tó parí aṣọ fífọ̀. Mo tú ọ̀já, mo sọ ọmọ kalẹ̀, mo bá a gbé e pọ̀n, mo tilẹ̀ tún ọ̀já náà so dáadáa.

Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ló gbà lọ tààrà. Ọkùnrin gíga yẹn kò bi í ní páálí, kò sì gba kọ́bọ̀ lé tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ ọmọ méjì tó yọ ní ìbàdí rẹ̀, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó bọ́ síwájú.

Ìyá àgbà kan tó borí bí àwọn Àlájà Mushin, tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ló là mí lójú. Ó ní láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ kí abiyamọ kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, torí oòrùn ò dáa fún ọmọ ọwọ́, òun sì ti ń wò mí láti ọ̀sán pé kí ló dé tí èmi jókòó.

"Mọ́mì," ọmọ mi wí, "kí ló wá dé tí àwa ò lọ?"

Odindi ọ̀sán ni mo fi pọn ohun tó lè gbé wa wọlé sẹ́yìn, tí mo ń wá ọ̀nà, tí mo sì wá tú u fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rín tilẹ̀ fẹ́ pa mí. Mo rò pé bí ọmọbìnrin náà bá dé ìdí àga, yóò gbé ọmọ fún ẹnì kan nílẹ̀, n óò sì lọ gbà á. Àmọ́ wọ́n ti tì í jókòó, wọ́n ti fi irin dábùú ìtan rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mì. Mo rí ọ̀já mi pupa tó kúrò nílẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin gíga na ọwọ́ dí mi, ó ní kí n lọ dúró de nọ́ńbà mi.

"Ọmọ mi ló wà lókè."

"Ìyá rẹ̀ ló gbé e dání, màdáámú."

"Èmi ni ìyá rẹ̀."

Ó wò mí. Mi ò pọn ọmọ, páálí ọgọ́rin ló wà lọ́wọ́ mi. Ó ní láti àárọ̀, òun ti gbọ́ oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n òun ò tíì gbọ́ irú èyí. Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní tí wọ́n bá ń yá ọmọ, kí wọ́n bá òun yá ìbejì. Ìyá àgbà ti tẹ̀ lé mi débẹ̀, òun ló sì le jù:

"Ṣé odó ni, tí o fi gbé e fún aládùúgbò?"

Nígbà náà ni kẹ̀kẹ́ dúró, nítorí wọ́n ń kó àwọn míì sí àga ìsàlẹ̀. Ibi tó ga jù lọ ni wọ́n dá àga wọn dúró sí. Gbogbo wa gbójú sókè. Mo rí ọmọbìnrin náà tó rọra tú ọ̀já, tó fa ọmọ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, tó fi ọwọ́ méjèèjì wé e, tó sì tẹ orí rẹ̀ bò ó. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Gbogbo ayé tó tìtorí rẹ̀ sá kúrò níbi iṣẹ́ wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò yọjú wò ó.

Mo wá gbọ́ ohùn ọmọ mi. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, torí atẹ́gùn gbé e. Ṣùgbọ́n ọmú mi kò dúró ṣe ìwádìí. Omi ọmú ya, ó rin iwájú búláòsì mi gbingbin, ó ń kán sórí ìró. Ojú ì bá tì mí lọ́jọ́ mìíràn. Ọkùnrin gíga rí i, ó sì yára gbójú rẹ̀ kúrò, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀. Ó ní kí n má bínú, mà. Ó yíjú sí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ, ó ní kó sọ àga náà kalẹ̀ ní kíá, kó fi ìyókù sílẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ti ń bẹ̀ mí kó tó délẹ̀. Ó ní òun rò pé wọ́n á ní kí òun gbé ọmọ sílẹ̀ kí òun tó jókòó, pé wọn ò jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Ó gbé ọmọ fún mi, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. Ọmọ wà ní àlàáfíà, kò ju pé ebi ń pa á. Mo jókòó sórí pákó kan, mo fi ọmú sí i lẹ́nu.

Ọkùnrin gíga náà ní kí èmi àti àwọn ọmọ mi wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pé ó ti yẹ kí a gùn ún tipẹ́. Mo gbìyànjú láti dìde, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọmọ yìí padà sókè yẹn. Ọmọ kò sì fẹ́ fi ọmú sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè dá gùn ún, wọn kò gbà. Ọmọ mi obìnrin dúró níwájú mi, kò bẹ̀ mí, kò fà mí láṣọ. Ó ti ń wo ọ̀nà tí a máa gbà padà sílé.

Mo wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀. Mo rántí bí ó ṣe tẹ orí bo ọmọ mi lókè yẹn.

"Dìde," mo ní. "Mú èyí lọ. Di ọwọ́ rẹ̀ mú o."

Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì sọ fún gbogbo pápá pé mo tún ti yá a ní ìkejì.

Wọ́n gòkè. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń fọ́mọ lọ́mú, mo ń fi ojú tẹ̀ lé àga wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yí. Ní àkọ́kọ́ àwọn méjèèjì di ara wọn mú pinpin. Ní ìkẹta mo rí ọwọ́ ọmọ mi tó na jáde, tó ń fi nǹkan han ọmọbìnrin náà lọ́nà jíjìn, òun náà sì ń na tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọmọbìnrin náà dúpẹ́, ó gbé ọ̀rá síìpù rẹ̀, ó sì fi eré lọ. Mi ò mọ ohun tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

Lọ́nà, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo bi ọmọ mi pé kí ni wọ́n ń rí lókè. Ó ní páànù ni, páànù tó ti dípẹtà, ó pọ̀ gan-an. Ó ní obìnrin kan ń sá aṣọ sórí àjà, kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ó ní ọkọ̀ ní Costain tò bí èèrà. Ó ní àwọn wá ilé wa, àwọn ò rí i, torí láti òkè gbogbo ilé jọra wọn.

"Ṣé o rí èmi?"

"Mo rí yín. Ẹ kéré gan-an. Ẹ ń wo òkè, ẹnu yín là sílẹ̀."

A rìn díẹ̀. Mo wá bi í ní ohun tó wà nínú mi, pé ṣé mo mú ìlérí mi ṣẹ.

Ó ronú sí i, kò kánjú rárá. Ó ní mo sọ pé àwa méjèèjì la ó jọ gùn ún, a ò sì jọ gùn ún. Lẹ́yìn náà ó fúnra rẹ̀ ki ọwọ́ bọ ọwọ́ mi, ohun tí kò ti ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú," ó wí.