Ọṣẹ Tí A Sè Nínú Páìpù Láàbù

Ìró kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé: ìró pọ́ǹpù tó gbé afẹ́fẹ́ mì. Ó máa ń dún gbùùrù-gbùùrù, bí ikùn ẹni tó jẹ ẹ̀wà sùn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ, àdúgbò Alief ni à ń gbé, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ṣe ní Houston tí kì í ṣe irun dídì. Sẹ́kọ́ńdìrì ni ìwé mi mọ. Láàbù kékeré kan ló gbà mí, èyí tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti máa fa òróró jáde lára ewé kan. Kí n má purọ́, ewé yẹn jọ igbó. Àbúrò igbó tó ti ronú pìwà dà ni, nítorí kì í yí èèyàn lórí.

Ẹnjiníà tó ni láàbù náà jẹ́ ọmọ Yorùbá. Wọ́n ti wá kàwé ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí mi, Sugar Land, ìlú àwọn olówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, ni ilé wọn, alàgbà sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi máa wò mí ná. "Ìyàwó wa," bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "bí aláyẹ̀wò ìjọba bá buwọ́ lù wá, iṣẹ́ rẹ ti dúró. Bí kò bá buwọ́ lù wá, gbogbo wa la ń lọ sílé."

Omi gbígbóná sì ni aláyẹ̀wò fẹ́ rí. Ọtí líle la fi ń bọ́ òróró kúrò lára ewé, ooru la fi ń lé ọtí náà lọ kó lè ku òróró nìkan. Ṣùgbọ́n ta ló máa dá iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọtí líle? Ìdí nìyẹn tí hítà fi wà ní yàrá ọ̀tọ̀. Omi á gbóná níbẹ̀, pọ́ǹpù á tì í gba inú páìpù kọjá ògiri, á wọ àárín awọ méjì tí ìkòkò irin tí ọtí àti òróró náà wà nínú rẹ̀ ní, á móoru sí i lára, á sì padà sílé. Kì í jáde, kì í dín. Ohun tó bá ti wọ inú ẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ìfọpo ní Baytown, ará Amẹ́ríkà adúláwọ̀, ló so gbogbo páìpù náà. Bàbá Baytown là ń pè wọ́n. Gbogbo oríkèé páìpù ló ń dán bí eyín ọmọ ọwọ́.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, wọ́n wá bá mi tọ́jú ọmọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi, wọ́n rọra gbé ọmọ sílẹ̀.

"Ewé tó jọ kí ni?"

"Ìjọba fún wọn ní ìwé àṣẹ, Màmá."

"Ìjọba ló bí ẹ ni?" Wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú ìgò òróró àdúrà tí wọ́n gbé wá láti ilé jáde. "Wá ibi tí nǹkan wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, kí o da èyí sí i."

Ẹ̀yin náà ẹ sọ, níbo ni nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀ bí kò ṣe ibi omi? Ní Tọ́sìdé, ẹnjiníà ní kí n bu omi kún tánkì hítà, kí n da oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà mọ́ ọn. Mo bu omi. Mo da oògùn. Mo wò yí ká. Mo da ìdajì ìgò Màmá mi sí i, mo ní "lórúkọ Jésù," mo dé e pa. Inú mi dùn bí ẹni tó fún ọ̀gá rẹ̀ lẹ́bùn ní ìkọ̀kọ̀.

Ní Fúráìdé, wọ́n tan pọ́ǹpù. Gbùùrù-gbùùrù. Gíláàsì kékeré tí a fi ń wo inú páìpù funfun báláú, ó ń hó fòò. Hítà gbóná, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ò lè ti ìfóòfó kọjá, ìkòkò irin tutù bí imú ajá. Ìyá mi àgbà se ọṣẹ dúdú títí wọ́n fi kú, nítorí náà kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún mi. Òróró pàdé oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bí eérú ọṣẹ, ooru pò wọ́n pọ̀: ọṣẹ ni mo sè fún aláyẹ̀wò. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, mo sì panu mọ́. Ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ nílé kì í yára sọ̀rọ̀.

Bàbá Baytown tú pọ́ǹpù, wọ́n tún un dè. Wọ́n tú u lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnjiníà ń fẹsẹ̀ lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí Mọ́ńdè ni aláyẹ̀wò ń bọ̀. Nígbà tó yá, Bàbá Baytown bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn, wọ́n wolẹ̀. "Ẹ má bínú," wọ́n ní. "Ó ní láti jẹ́ pé mo fi nǹkan sílẹ̀ nínú páìpù. Ojú mi ò rí bíi tàtijọ́ mọ́. Ẹ wá ẹlòmíì."

Èyí ló lé ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi. "Ẹnjiníà, sà, èmi ni. Mo da òróró àdúrà sí i."

"Òróró kí ni?"

"Òróró àdúrà, sà. Ìdajì ìgò péré."

"Nínú láàbù! Ìyàwó wa, ṣé orí ẹ pé? Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì oníariwo yín yẹn? Sáyẹ́ǹsì là ń ṣe níbí! Sáyẹ́ǹsì!"

Mo ti kúnlẹ̀. Mo ti ń dágbére fún iṣẹ́ nínú ọkàn mi. Bàbá Baytown ṣí ẹnu páìpù ìsàlẹ̀ kí omi lè tú dànù. Omi funfun ya sínú garawa, òórùn dídùn sì gba gbogbo yàrá. Mo fa imú. Mo tún un fà. Òróró Màmá mi ò ní òórùn kankan. Lọ́fínńdà nìyí! Lọ́fínńdà tí àwọn aláṣọ funfun fi ń wọ́n ilé àdúrà.

"Ó ń ta sánsán bí ọjọ́ ìsinmi," ni Bàbá Baytown wí.

Mo gbójú sókè. Ẹnjiníà ń wo bàtà wọn.

"Díẹ̀ báyìí ni mo wọ́n sínú tánkì," wọ́n ní, ohùn wọn ti wálẹ̀. "Kí o tó bu omi. Àwọn ìyá ìjọ ló ní kí n má gbàgbé."

"Sáyẹ́ǹsì ni, sà."

Mi ò mọ ibi tí ẹnu yẹn ti wá. Ẹnjiníà wò mí bí ẹni tó fẹ́ lé mi, ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n lọ di Bàbá Baytown lọ́wọ́ mú. "Kò sí ohun tó ṣe ojú yín. Èmi àti ìyàwó yìí la ṣe é."

Bàbá Baytown wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé ẹnì kankan ṣì fẹ́ da nǹkan sí i, kí n tó bu omi tuntun?"

A fi gbogbo Sátidé ṣan páìpù títí ìfóòfó fi tán. Ní Mọ́ńdè, aláyẹ̀wò fọwọ́ kan ìkòkò irin, ó yára fa ọwọ́ padà nítorí ooru, ó sì buwọ́ lùwé. Iṣẹ́ mi dúró. Màmá mi padà sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé òróró ló ṣe é, mi ò sì jiyàn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lọ ju wákàtí mẹ́ta lọ, ó sì fẹ́ pa mí. Mo ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Mo sì máa ń ronú nígbà míì pé ká ní mo dákẹ́ ni, bóyá iṣẹ́ náà ì bá ṣì dúró. Ẹlòmíì á wá ṣan páìpù, kò sẹ́ni tó máa bi mí ní nǹkan kan. Àfi bàbá kan tó máa jókòó sílé rẹ̀ ní Baytown, tí á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí á máa rò pé iṣẹ́ ti tán lára ọwọ́ náà.