Kúlà Tó Di Ẹ̀gbọ́n

Mo rántí orúkọ gbogbo àwọn tó jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ náà, àmọ́ n kò ní dárúkọ ẹnì kankan. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń kí mi. Ọmọ mi obìnrin nìkan ló ń wù mí kí n máa pè, òun ni kò sì lè jẹ́ mi mọ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́, nígbà tí a ń gbé Barnawa, láàárín ọdún 1990 sí 2000. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kaduna ra ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan, wọ́n ní kó kọ ètò tí yóò máa to gbogbo nǹkan ẹgbẹ́ láti orí àgbà dé ọmọdé. Bó bá ṣe é kó tó di ọjọ́ ìpàdé, kí ẹ̀rọ máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá ṣe é, alága á gbé e sí pálọ̀ tirẹ̀. Ọmọ mi kò sì ní òmíràn tó lè fi kọ́ṣẹ́.

Ètò kan ṣoṣo ló kọ, tó lè to ohunkóhun, ìbáà ṣe èèyàn, ìbáà ṣe àga. Ṣùgbọ́n ó fi òfin kan sẹ́nu ọ̀nà: irú nǹkan tí a kò bá tíì kọ ọ̀nà tí a fi ń mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yàtọ̀ sí àbúrò, kó má wọlé.

Alága ní kó to àwọn kúlà oúnjẹ. Ẹ̀rọ kọ̀, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá.

"Haba! Èmi alága ló ń kọ̀ fún? Yọ òfin yẹn dànù!"

"Bàbá alága, bí mo bá yọ ọ́, kò ní to èèyàn pàápàá mọ́. Òfin yẹn ló fi dá a lójú pé ohun tó wọlé ṣe é fi wéra. Kúlà ò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò."

"Nínú ẹgbẹ́ tèmi? Kò sóhun tí kò lẹ́gbọ̀n-ọ́n! Kọ́ ọ kó mọ̀ ọ́n!"

Ọmọ mi bá kọ ọ́ pé kúlà tí a kọ́kọ́ rà ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ gbà.

Nígbà tọ́jọ́ ìpàdé pé, inú alága dùn débi pé ó pàṣẹ kí wọ́n bu oúnjẹ àwọn àgbà láti inú ẹ̀gbọ́n kúlà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìdérí ìyẹn ti fọ́. Òkèlè tùwó inú rẹ̀ ti tutù, ó ti le gbagidi. Àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ atẹ́gùn sí tiwọn lẹ́yìn, ooru ń rú lójú wọn.

"Oúnjẹ àgbà kì í gbóná jù," alága ń wí, ó ń jẹ ẹ́ tipátipá.

Ìyá àgbà kan ti àwo tirẹ̀ sẹ́yìn. "Alága, ẹ̀gbọ́n yín yìí ti kú o. Ara rẹ̀ ti tutù!"

Gbogbo gbọ̀ngán rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ń tú ká, alága ò wojú mi bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn máa wà lọ́dọ̀ yín. N kò fẹ́ ẹ nílé mi."

Bí a ṣe jáde, ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sétí títì, tó di ẹsẹ̀ mi mú. Ẹ̀rín yẹn ni etí mi ń wá kiri ilé báyìí.