Ìdáhùn Kẹta

Òórùn aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi búlúù ṣàn, tí irin gbígbóná ń gun orí rẹ̀ kọjá, ni òórùn ọjọ́ Sátidé nílé wa ní Ìgandó. Màámi ló ń rán sùtánà fún àwọn ọmọ ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, kò sì sí Sátidé kan tí kì í tètè jí láti lọ èyí tí wọ́n máa wá gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, atẹ́gùn yí padà láti ọ̀nà ààtàn ńlá, èéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ àgbàlá. Màámi sáré ká aṣọ lórí okùn, ó ń bá èéfín jà bí ẹni ń bá èèyàn jà. "Olúwa, ẹ wò ó! Aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ wá síwájú yín rèé!" Mo rẹ́rìn-ín, mo wọ sáńdà mi, mo gbé àpò ìwé mi kọ́ èjìká. Mò ń lọ sí lẹ́sìnì.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ọmọ ìwé nígbà náà, ẹ ó rántí bí ọ̀rọ̀ ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama ṣe máa ń gba gbogbo ilé kan. Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò tó mọ́. Wọ́n ti fi ìwé ìrònú kún un, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fábà. Nínú ọsàn, ìbẹ́pẹ, ṣíbí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, èwo ni kò bá àwọn yòókù mu? Bí fìlà bá jẹ́ ti orí, ti kí ni bàtà? Bí wọ́n bá fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn, báwo la ó ṣe kọ orúkọ ìlú báyìí? Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọ wa dá sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti kà, láti kọ, àti láti gbàdúrà, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n wọn kò ní olùkọ́ fábà. Ìdí nìyẹn tí Màámi fi wá lẹ́sìnì Ọ́ńkù Dípọ̀ rí ní Gowon Estate, tí mo sì ń wọ ọkọ̀ láti Ìgandó lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé.

Nínú gáréèjì ilé kan ni a ti ń jókòó, lórí bẹ́ǹṣì, pátákó dúdú níwájú wa. Kì í ṣe torí pé Ọ́ńkù Dípọ̀ mọ̀wé ju gbogbo olùkọ́ lọ ni àwọn òbí fi ń du àyè lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé ìwé girama ìjọ kan wà tó ń fún àwọn ọmọ mélòó kan ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọọdún, ọwọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ni wọ́n sì ti ń gba orúkọ àwọn tó máa jókòó ìdánwò náà. Ọ́ńkù Dípọ̀ wà lára wọn. Ẹni tí Ọ́ńkù bá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́, àfi kó wá ibòmíràn lọ. Orúkọ mi wà lára àwọn tó ti kà sókè. Láti ọjọ́ tí Màámi ti gbọ́ ọ ló ti ń dúpẹ́ nínú àdúrà àárọ̀, bíi pé mo ti wọlé tán.

Màámi kì í sọ ohun tí kò mọ̀. Bí oníbàárà bá na aṣọ sí i pé, "Màmá, ṣé èyí á tó mi?", kò ní wò ó lójú lásán kó dáhùn. "Mi ò tíì wọ̀n ọ́n" ni yóò sọ, yóò sì nawọ́ mú téèpù. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ nípa àwọn aríran tó ń fi ìtara jáde nínú ìsìn: "Ẹni tí kò bá rí ìran, kó jókòó. Ìjókòó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi di ara mi. Lójú èmi ọmọdé, ẹni tó bá sọ ohun tí kò mọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti jẹ́rìí èké, kò sì yàtọ̀ sí olè.

Ní Sátidé náà, Ọ́ńkù Dípọ̀ kọ ìbéèrè kan sójú pátákó. Ó ní òun fúnra òun lòun ronú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ohun tó sọ sì nìyí: Gbogbo ọmọ tó mọ̀wé ló ń wọ bàtà. Bọ́lá ń wọ bàtà. Ṣé Bọ́lá mọ̀wé? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni bẹ́ẹ̀ ni, ìkejì ni bẹ́ẹ̀ kọ́, ìkẹta ni pé a kò lè mọ̀.

Gbogbo kíláàsì pariwo ìdáhùn àkọ́kọ́. Èmi nìkan ni mo nawọ́ sókè fún ìkẹta.

Tómi ló jókòó sẹ́yìn mi, ọmọ inú ẹ̀sítéètì níbẹ̀. Ó ti rí èmi àti Màámi rí lójú pópó nínú sùtánà, láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìjọ wa. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ́ńkù, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Wọn kì í wọ bàtà ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn. Òun ò lè mọ̀wé nìyẹn!"

Mo yíjú sí i. "Wèrè tó máa ń dúró ní ráńdàbáòtù Ìkọ̀tún ń wọ bàtà. Kódà, tọ̀tún ò jọ tòsì. Ṣé òun náà mọ̀wé?"

Ẹ̀rín sọ nínú gáréèjì. Tómi fúnra rẹ̀ di ikùn mú, ó ní, "Yéè, ó pa mí!" Ọ́ńkù Dípọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ta lò ń bá wí?"

"Tómi ni, sà."

"Èmi náà wọ bàtà. Ṣé wèrè lò ń pè mí?"

Ẹ dákun, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Wèrè ń wọ bàtà, olùkọ́ ń wọ bàtà, ó wá di pé ọmọdé pe olùkọ́ ní wèrè. Kòtò tó gbẹ́ fún Bọ́lá lòun fúnra rẹ̀ já sí yẹn, níṣojú gbogbo wa. Ẹni tí wọ́n gbé wa lé lọ́wọ́ pé kó kọ́ wa ní ìrònú rèé! Títí di òní, bí mo bá rántí, àyà mi máa ń gbóná.

Ó pè mí jáde. Ó ní kí n sọ ìdáhùn. Mo ní, "A kò lè mọ̀, sà. Wọ́n ní gbogbo ọmọ tó mọ̀wé ló ń wọ bàtà. Wọn ò sọ pé gbogbo ẹni tó ń wọ bàtà ló mọ̀wé." Ó mú pàṣán. Ó nà mí lọ́wọ́, ó nà mí lẹ́yìn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún bi mí. Mo ní a kò lè mọ̀. Ó tún nà mí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó kọjú sí kíláàsì, ó ní, "Alágídí ọmọ kì í wọ ilé ìwé gidi. Mo ti yọ orúkọ rẹ̀." Ó sì fi ọwọ́ pa ìbéèrè náà rẹ́ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí.

Nígbà tí mo délé, Màámi rí ara mi. Ó bu òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi pa ojú pàṣán, mo sì ń ròyìn. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ wèrè, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo sọ pé ó ti yọ orúkọ mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró lára mi. Ó padà sídìí irin rẹ̀. Ọkàn mi sì balẹ̀, nítorí ó ti dá mi lójú pé ní Sátidé tó ń bọ̀, Màámi máa tẹ̀ lé mi lọ síbẹ̀, ó sì máa bá ọkùnrin yẹn jà.

Ó tẹ̀ lé mi lọ lóòótọ́. A dé ẹnu gáréèjì, àwọn ọmọ ti jókòó. Màámi bọ́ bàtà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

Màámi dàgbà ju ọkùnrin yẹn lọ dáadáa. "Ọ́ńkù, ẹ ṣàánú mi. Ọmọdé ni. Ẹ bá mi forí jì í, ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà." Mo dúró kí Ọ́ńkù Dípọ̀ sọ ohun tí ọmọ Yorùbá èyíkéyìí tí wọ́n kọ́ máa sọ: "Ẹ dìde, mà." Kò sọ ọ́. Ó ń gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Kò burú, Màmá. Kó sọ ìdáhùn sókè, kí gbogbo wọn gbọ́."

Mo wo Màámi. Kò gbójú sókè. "Ìyanu, dá Ọ́ńkù lóhùn."

"Bọ́lá mọ̀wé, sà."

"Mi ò gbọ́!"

"Bọ́lá mọ̀wé, sà!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tómi ń wo ilẹ̀. Ọ́ńkù Dípọ̀ ní kí n lọ jókòó, ó ní Màámi lè máa lọ. Ìgbà yẹn ló tó dìde.

Kò lọ. Ó dúró dè mí níta títí a fi parí. A wọkọ̀, a sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdímù láti wọ ọkọ̀ Ìkọ̀tún. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́, láàárín èrò, láìwò mí: "O gba ìbéèrè yẹn."

"Màámi, ẹ mọ̀?"

"Láti ìgbà tó o ti sọ ọ́ fún mi nílé."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ní kí n..."

"Torí mo fẹ́ kó o wọ ilé ìwé yẹn. Èmi ni mo pa irọ́ yẹn, ìwọ kọ́. Màá bá Olúwa sọ ọ́."

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí ìsìn parí tí àwọn èèyàn ń kí ara wọn, Màámi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo jókòó tì í, inú ń bí mi bí ìgbà tí omi ń hó. Kì í ṣe sí i. Mo ń bínú sí ẹni tó mú obìnrin tí kì í sọ pé aṣọ tó láìwọ̀n ọ́n, tó sọ ọ́ di ẹni tó ń tọrọ ìdáríjì lórí irọ́, nítorí ọmọ rẹ̀ ronú bó ṣe tọ́.

Mo jókòó ìdánwò náà, mo sì wọlé. Ìyìn ni fún Ọlọ́run. Ilé ìwé náà ló gbé mi dé yunifásítì, n kò sì jẹ́ ṣe bí ẹni pé n kò rí oore gbà. Mo ti dárí ji Ọ́ńkù Dípọ̀ pẹ̀lú, nítorí àṣẹ Olúwa ni. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í sọ irọ́ di òtítọ́. Ó ṣe ibi sí mi. Ó ṣe é sí gbogbo wa tó wà nínú gáréèjì yẹn, tí a fojú ara wa rí i pé kò sóhun tí ìrònú lè ṣe níbi tí pàṣán bá wà. Mélòó nínú wa ló ti di ọ̀gá síbi iṣẹ́ lónìí, tí kò lè la ẹnu sọ pé, "Mi ò mọ̀"?

Ní ọdún yìí, ilé iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ wọ̀ ní kí n wá ṣe ìdánwò ìrònú. Fábà náà ló tún dé, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ ní aṣọ àgbà ni. Wọ́n á fún ọ ní ọ̀rọ̀ kúkúrú kan kà, wọ́n á wá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kó o yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: òtítọ́ ni, irọ́ ni, tàbí a kò lè sọ. Ìdáhùn kẹta wà níbẹ̀ gbangba, ó ń gba máàkì bíi ti àwọn méjì yòókù. Mo ń fi fóònù dánra wò lẹ́yìn ìsìn, ọkọ mi sì ń yẹ èyí tí mo ti ṣe wò.

"Ìyá Tóbi, ṣé ìwọ àti ìdáhùn kẹta yìí ń jà ni?"

"Báwo?"

"O ò mú un rárá. Gbogbo ibi tó o ti kùnà, òun ló yẹ kó o mú. Mú un o, kò sẹ́ni tó máa nà ọ́ níbí."

Àwàdà ló ń ṣe. N kò tíì sọ ìtàn yìí fún un rí. Mo gba fóònù, mo tún ìbéèrè náà kà. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo gbé ìka lé e, mo tún fà á kúrò, nínú pálọ̀ ara mi, lórí àga ara mi, èmi ìyá ọmọ. Mo wá ronú kan ọmọbìnrin tó dúró níwájú pátákó yẹn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta á, tí wọ́n tún bi í, tó sì tún sọ ọ́. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ní kí n yan ẹni tó yẹ kí wọ́n gbà nínú èmi àti ọmọbìnrin yẹn, n kò ní yan ara mi.