Ijó Tó Pa Ilé Yìnyín Orevale

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ Leonard Skubic jù mí lọ, irọ́ ló ń pa, kódà bó jẹ́ Ardis ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi Einar Hautala ni mo ń ṣọ́ ilé fún Orevale, ìlú wa, nígbà tí Leonard ń gbá róbà dúdú họ́kì orí yìnyín sílé àwọn ẹlòmíràn, nígbà tí eyín àwa méjèèjì ṣì pé lẹ́nu. Lọ́dún kan, àgbọ̀n ni mo fi dá róbà náà dúró. Ìró rẹ̀ dún débi pé àwọn ará Kánádà tó wà lódìkejì adágún ṣí fèrèsé láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò fẹsẹ̀ kan yunifásítì rí. Inú kòtò tí wọ́n ti ń wa irin ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìwé tí mo ti dá kà nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi tó láti fi mọ ilé mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin yìí, nítorí ẹni tó ni ín kò ní í sọ ọ́ láéláé. Leonard kì í sọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Àṣà wa nìyẹn, àwa tí a ń gbá họ́kì orí yìnyín. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí gbogbo Amẹ́ríkà ń kú lé lórí, ẹni tó bá he bọ́ọ̀lù lásán á lu àyà, á jó, á nawọ́ sí ọ̀run bí ẹni pé Ọlọ́run jẹ ẹ́ ní gbèsè. Lọ́la ẹ óò rí i tó ń polówó ọṣẹ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbá góòlù wọlé, o ó tẹrí ba, o ó lọ bá ẹni tó fún ọ ní róbà, o ó fọwọ́ kan akoto rẹ̀, o ó sì padà sípò rẹ. Bí oníwèé ìròyìn bá bi ọ́ léèrè, o ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ló ṣe é. Bàbá Leonard ló fi èyí kọ́ ọ, òun náà sì fi kọ́ ọmọ àwọn awakùsà Orevale gẹ́gẹ́ bí kóòṣì wọn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Kò sí orúkọ lẹ́yìn aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni, pẹ̀lú orúkọ ìlú níwájú. Òun fúnra rẹ̀ gbá góòlù márùn-ún wọlé ìlú Haldane lọ́jọ́ kan tòun ti ọwọ́ rẹ̀ tó ti dá. Àkọsílẹ̀ ní méjì ni. Ẹni tó ń kọ ọ́ ti lọ ra sọ́séèjì nígbà tí mẹ́ta yòókù wọlé.

Àwọn ọ̀mọ̀wé eré ìdárayá máa ń béèrè ìdí tí họ́kì kò fi wọ àwọn ará Amẹ́ríkà lára. Mo ti ka gbogbo ìdáhùn wọn. Wọ́n ní róbà náà kéré, ojú kì í bá a nínú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní bàtà onírin àti ọ̀pá wọ́n ju ohun tí tálákà lè rà fún ọmọ lọ. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bí síbi tí oòrùn ti mú, inú ife ọtí nìkan ló ti mọ yìnyín. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ojú mi rí ní Orevale, mi ò tíì kà á nínú ìwé kankan.

Nígbà tí kòtò irin dín iṣẹ́ kù, àwọn ọmọ wa kó lọ síbi tí ilẹ̀ ti gbóná. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fèrèsé ló wá gba ipò kòtò, ó sì kó àwọn òṣìṣẹ́ wá láti Tẹ́sàs, tìyàwó tọmọ, pẹ̀lú ẹ̀wà aláta àti bàtà gàgàrà wọn. Kò pẹ́ tí àwọn àlejò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó onílé. Wọn kì í wá sílé yìnyín, gbọ̀ngàn tí a ti ń gbá họ́kì. Nígbà òtútù, ilé yìnyín tí bàbá Leonard bá wọn da ilẹ̀ rẹ̀ wá di ibi tí àwa arúgbó mélòó kan ń jókòó sí pẹ̀lú kọfí nínú fúláàsì. A ò ju èyí tí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan lè kó.

Marlys Vukelich, alága ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́, kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó ń mú kí yìnyín dì ń jẹ iná mànàmáná bí ẹran ṣe ń lá iyọ̀. Bí ìjókòó bá ṣófo títí òtútù yìí fi parí, wọ́n á pa á, kí àwọn ọmọ wa máa lọ gbá nínú ẹgbẹ́ Haldane. Haldane, ìlú tí a ti ń bá jà láti ayé àwọn bàbá wa! Leonard gbọ́ ọ. Ó lọ sílé, ó sì ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà tó ti kó tẹ́lẹ̀. Ardis ló wá pè mí pé kí n wá bá òun mú un wọlé.

Ọmọ àlejò kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé yìnyín náà là. Trace ni orúkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ni Royce Tidwell, olórí àwọn òṣìṣẹ́ nílé fèrèsé. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó kọ́kọ́ gun yìnyín, ṣe ló ń ṣubú bí ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Leonard máa ń fi páìpù da omi sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó lè dì gbagidi. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ ọmọ náà títí Ardis á fi pè wọ́n wá jẹun lójú fèrèsé. Nígbà tí ọmọ náà fi máa pé ọdún mẹ́tàdínlógún, mo búra fún yín, bó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, fìlà rẹ á ṣí.

Àwọn ará Tẹ́sàs bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. Wọ́n kọ́kọ́ wá ní mẹ́ta mẹ́rin, nígbà tó yá wọ́n ń wá tẹbítẹbí. Wọ́n ń gbé agogo màlúù wá, wọ́n ń pariwo níbi tí kò yẹ, wọ́n sì ń bi wá pé níbo ni nǹkan dúdú náà wọlé sí. A ń fi hàn wọ́n. Leonard kò sọ pé inú òun dùn, ṣùgbọ́n mo rí i tó ra kọfí fún Royce. Fún Leonard, ìyẹn ju kí ẹlòmíràn pa màlúù lọ.

Èmi kìlọ̀ fún un. Nínú ilé ọtí ni a wà lọ́jọ́ náà.

“Leonard, àwọn èèyàn yìí kò wá wo Orevale o. Trace ni wọ́n ń wá wò. Jẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbóhùngbóhùn máa kígbe orúkọ ọmọ náà. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn aṣọ rẹ̀.”

“Kí wọ́n máa wò ó. Àárín àwọn yòókù náà ló wà.”

“Ìwọ ọkùnrin yìí, ẹ̀gbẹ́ iná ni wàá jókòó sí tí òtútù á fi pa ọ́.”

“Mu bíà rẹ, Einar.”

Ọjọ́ Sátidé tí Haldane wá bá wa, ilé yìnyín kún. Kì í ṣe pé ó kún díẹ̀ o. Èèyàn jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbé ọmọ lé èjìká, mo sì rí ẹnì kan tó rọ̀ mọ́ òpó bí ọ̀kẹ́rẹ́. Marlys Vukelich jókòó sọ́wọ́ iwájú, ó ń wo ẹ̀yìn lọ́pọ̀ ìgbà bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Leonard wọ kóòtù tó wọ̀ ṣèyàwó.

Kò pẹ́ sígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa mú róbà kúrò lọ́wọ́ Haldane, wọ́n ta á látàré láàárín ara wọn, ó kan Trace, Trace sì fi í sínú ilé kí aṣọ́lé tó ṣẹ́jú. Gbogbo ilé dìde. Bí mo ti ń dìde ni mo rí ọmọ náà tó fi eékún méjèèjì fà lórí yìnyín, tó tún fò dìde, tó ń mi èjìká, tó ń jó, tó na ọ̀pá sí bàbá rẹ̀ lókè, tó fọwọ́ dí etí bí ẹni pé ariwo náà kò tíì tó òun. Apá ọ̀dọ̀ àwọn ará Tẹ́sàs ya wèrè. Ní apá tiwa, gbogbo wa wo bàtà wa. Èmi náà wò ó, èmi tí mi ò ní ìtìjú púpọ̀ láyé.

Leonard fi ìka kan pè é. Ó fi ìparí bẹ́ǹṣì hàn án. Ọmọ náà jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé kí òun sinmi díẹ̀ ni. Nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Haldane bá wa dọ́gba. Àwọn ará Tẹ́sàs ń pe “Trace! Trace!”, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu pákó. Leonard káwọ́ gbera, kò wo ibì kan. Igbákejì rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ sí i létí, Leonard mi orí. Haldane gbá òmíràn wọlé. Ìgbà náà ni Royce Tidwell sọ̀ kalẹ̀ wá dúró lẹ́yìn bẹ́ǹṣì. Ibi tí mo jókòó sí kò jìnnà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó fò mí.

“Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ mi ṣe?”

Leonard kò bojú wẹ̀yìn. “Òun náà mọ ohun tó ṣe.”

“Kò mọ̀ ọ́n, sà. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ó gbá góòlù wọlé, ó ń yọ̀. Níbi tí a ti wá, bí ọmọ bá ṣe dáadáa tí kò yọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà la máa ń gbé e lọ.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Leonard yíjú sí i báyìí, ojú rẹ̀ pupa.

“Ọmọ mẹ́ta ló fọwọ́ kan róbà yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èwo nínú wọn lo mọ orúkọ rẹ̀?”

Royce wo àwọn ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ kò le rárá nígbà tó dáhùn.

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n, baba? Ẹ ò kọ ọ́ sẹ́yìn aṣọ wọn.”

Leonard wo ẹ̀yìn aṣọ àwọn ọmọ náà. Ó tún kọjú sí yìnyín. Royce ní kí ọmọ rẹ̀ dìde. Ọmọ náà wo Leonard títí, bóyá ó á sọ pé kó dúró. Nígbà tí kò sọ ọ́, ó dìde. Àwọn ará Tẹ́sàs kó agogo wọn, wọ́n tẹ̀ lé wọn jáde. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí títí, òtútù ìta ń wọlé wá bá wa lórí ìjókòó. A pàdánù. Kò sẹ́ni tó bínú sí i, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó kù láti bínú.

Marlys sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ká ní àwọn ará Tẹ́sàs padà wá ní Sátidé kejì, òun ì bá bá wa bẹ ìgbìmọ̀. Gbogbo wa ní kí Leonard lọ bá Royce sọ̀rọ̀. Ardis yí potica, búrẹ́dì dídùn ilé wọn tí wọ́n ń jẹ nígbà Kérésìmesì, ó dì í sínú aṣọ ìnuwọ́ tó mọ́, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Leonard wa ọkọ̀ débẹ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé Royce, iná ọkọ̀ ń tàn. Ìyàwó Royce tilẹ̀ ṣí kọ́tìnnì wò ó. Ó wa ọkọ̀ padà sílé, ó gbé búrẹ́dì náà sórí tábìlì.

Ardis bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Bí mo bá ní mo ṣe àṣìṣe, kí ni mo wá ń kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn láti gbogbo ọdún yìí?”

“Tí o ò bá sì lọ ńkọ́?”

“Mi ò mọ̀, Ardis. Bí mo bá mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá ti kan ilẹ̀kùn.”

Ìgbìmọ̀ dìbò, ó tán. Lọ́jọ́ tí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, Leonard nìkan ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ kó tì í. Ó pẹ́ nínú ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wọlé lọ wò ó. Yìnyín ti ń yọ́. Ìlà pupa àti ìlà búlúù tó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ti tú pọ̀ mọ́ra nínú omi, ó sì dúró síbẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀, ó ń gbá omi náà lọ sójú ihò. Mo ní kó fi sílẹ̀, omi mọ̀nà. Ó ń gbá a lọ.

Nígbà ìwọ́wé, Trace ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó fún ilé ẹ̀kọ́. TIDWELL gàdàgbà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Gbogbo ìlú ń lọ wò ó, àwọn onílé àti àwọn àlejò, wọ́n sì mọ orúkọ gbogbo wọn, títí dé ti ọmọ tó ń gbé omi. Èmi náà lọ. Kí ni mo fẹ́ purọ́ sí fún yín, mo gbádùn rẹ̀. Àwọn ọmọ wa mélòó kan tó ṣì ń gbá họ́kì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Haldane. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún náà, méjì péré ló kù.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, èmi àti Leonard jókòó sílé ọtí, à ń wo àwọn àgbà eléré họ́kì tó ń du ife nínú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ti dọ́gba, àkókò tí wọ́n fi kún un ló kù, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a wọlé ló ni ín. Àwa méjì nìkan là ń wò ó. Royce àti àwọn èèyàn rẹ̀ wọlé, ó kí wa dáadáa, ó sì nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n.

“Ẹ má bínú, Kóòṣì. Ṣé a lè yí i? Àwọn ẹgbẹ́ ńlá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó fẹ́ máa yan àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n máa gbà lálẹ́ òní. Wọ́n ti fẹ́ máa pe orúkọ.”

Wọn kò fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù o. Orúkọ ni wọ́n fẹ́ pè. Mo ti la ẹnu láti bá a jà, ṣùgbọ́n Leonard dìde, ó na ọwọ́ sẹ́yìn káńtà, ó mú rìmóòtù, ó sì fi lé Royce lọ́wọ́. Mo ní kí a lọ sílé mi lọ wò ó parí. Ó ní kí n jókòó.

Wọ́n pe orúkọ kan. Ọmọ gìrìwò kan dìde nínú kóòtù olówó iyebíye, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó ń sunkún. Gbogbo ilé ọtí pàtẹ́wọ́. Leonard ń wò ó, ife bíà rẹ̀ kò kúrò lójú kan.

“Ìlú wo ló ti wá?” Ó bi mí.

“Wọn ò sọ ọ́,” mo dá a lóhùn.